Sí ọmọ tó gbé fúrémù lọ sí Mọ́kọ́lá, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ìyá ọmọ náà wá sílé mi láàárọ̀ àná, aago méje ò tíì lù. Ẹnu ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí. Ó ní kí n gba òun, kí n bá òun bẹ ọ̀gá kó má lé ọmọ òun, torí ó ku oṣù 3 péré kó gba fírídọ́ọ̀mù. Ọdún 4 lọmọ yìí ti fi kọ́ṣẹ́ wáyà. Ó ti ń dá ilé wáyà, ọ̀gá ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Owó tí wọ́n ní kó fi ra wáyà, ₦65,000, ló kó lọ sí Mọ́kọ́lá. Ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó iwájú níbi eré orí ìtàgé, ó fi dá bùbá àti ṣòkòtò, ó sì fi èyí tó kù tẹ àwòrán òṣèré kan sínú fúrémù tó ga tó ọmọ ọdún 5.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ládùúgbò mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹnu yín sọ́hùn-ún. Èwo nínú yín ni kò ní ẹni tó ń tẹ̀ lé bí òjìji, lórí fóònù, lórí pápá bọ́ọ̀lù, lórí ìtàgé? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò mọ sára ọmọ yẹn nìkan.

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí wọ́n bá ní eré orí ìtàgé fẹ́ wáyé n'Ìbàdàn, ara mi kì í gbélé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé wọ́n ó ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Cultural Centre ni mo ti sá aṣọ òfì mi sóòrùn. Mo wọ Micra ní Bẹẹrẹ, mo sọ̀ ní Mọ́kọ́lá, mo fẹsẹ̀ gun òkè yẹn, mo ń sinmi, mo ń gùn ún. Aago 3 ni wọ́n kọ sórí ìwé. Aago 5 ku ogún ìṣẹ́jú ni ìlù tó dún. Kò dùn mí. Ẹni tó bá ti wo eré láyé tiwa mọ̀ pé ìdúró wà nínú owó ìwọlé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, níbi tówó mi mọ.

Àwọn ọmọ náà ṣe é o! Ọ̀rọ̀ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó fi gba ẹ̀bùn Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, ẹnu wọn gbà á. Àwa tá a jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, kì í ṣe àlọ́ là ń wò níbẹ̀. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde yẹn, gbé nílùú yìí, inú rẹ̀ náà ló kú sí ní 1874, nígbà tí ọ̀rọ̀ òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí ìlú nígbà náà, ti dìjà. Nígbà tó wá kan ibi tí wọ́n ti fẹ́ pa Adétutù, ẹrú tó lóyún, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí dá gúgúrú dúró sẹ́nu. Omijé ti ń bọ̀ lójú mi, mi ò ní purọ́. Àfi gbàà! Ẹnìkan fò dìde níwájú, ó gbé fúrémù sókè orí, ó ń ké pe ẹni tó ṣe Ìyálóde: "Mọ́mì mi! Mọ́mì mi! Ẹ wòbí!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyálóde ò wobẹ̀, ó di ojú rẹ̀ mú bí akin, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Wọ́n pa Adétutù, kò sẹ́ni tó sunkún fún un mọ́. Èébú ti dé ẹnu mi kí n tó dá ọmọ náà mọ̀.

Nígbà tí eré parí, èrò rọ́ mọ́ òṣèré náà lẹ́nu géètì. Ọmọ wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ó gbé fúrémù lé e lọ́wọ́. Òṣèré náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ṣé o, Olúwa á bù kún ẹ." Wọ́n ya fọ́tò kan, ó gbé fúrémù fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò bi í lórúkọ. Ọmọ yìí dúró síbẹ̀, ó ṣì ń juwọ́ sí mọ́tò tó ti ṣẹ́ kọ́nà.

Mi ò bínú sí òṣèré náà. Èèyàn mélòó ló fẹ́ bi lórúkọ lójúmọ́ kan? Ìwọ ni mò ń bi. Ta ló mọ orúkọ rẹ níbẹ̀?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tèmi. Ìyá mi ló ni ín.

Lọ́dún 1972, ọmọ ọdún 15 ni mí. Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà'ba. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́rì ń yí ìlú ká, ìlù ń dún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé gbohùngbohùn sórí rẹ̀, wọ́n ń kéde pé Dúró Ládiípọ̀ ń bọ̀ wá ṣe Ọba Kòso ní Obisesan Hall ní Dùgbẹ̀. Ẹ̀yin ò lè mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ nígbà náà. Eré tó bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo ní 1963, tó dé Berlin ní Jámánì lọ́dún tó tẹ̀ lé e! Ìyá mi ti fún mi ní ṣílè 10 kí n lọ san fún alájọ. (A ò tíì máa ná náírà, January 1973 ló dé.) Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ilé alájọ dáadáa. Kò gba ibẹ̀.

Mo rí Ṣàngó lọ́jọ́ náà. Iná ń jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn, bàtá ń bá a sọ̀rọ̀, Ọya ń pè é, irun orí mi dìde. Mo gbàgbé ìyá mi, mo gbàgbé alájọ. Mo sunkún débi pé bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí yọ áńkáṣíìfù rẹ̀ fún mi.

Òru ni mo délé. Ìyá mi jókòó lórí àpótí, àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ń retí ìgbátí. Kò nà mí. Ó ní, "Ọkùnrin tó o lọ wò yẹn, ṣé ó bi ọ́ lórúkọ?" Mo ní rárá. Ó fẹ́ àtùpà pa, ó wọlé lọ sùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló sì kàn án láti kó àjọ. Alájọ ní ẹni tí kò dá kò ní kó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni igbá ìyá mi fi ṣófo l'Ọ́jà'ba. Títí tó fi kú, kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Nígbà tí mo di atẹ̀wé, ọwọ́ mi ló to orúkọ àwọn eléré sórí póstà láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní Dúró kú ní 1978, wíwọ́ ni gbogbo ohun tí mo tẹ̀, ọ̀gá mi bú mi bí ẹni láyin. Dúró ò mọ̀ mí títí ó fi lọ. Bí mo bá ní mo kábàámọ̀ pé mo wo eré yẹn, irọ́ ni mo pa. Èlùbọ́ ìyá mi ni mo kábàámọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò yà nínú mi títí dòní, ẹ má sì ní kí n yà á fún yín.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. "Bàbá, ẹ̀yin náà jí owó." Bẹ́ẹ̀ ni, mo jí i! Ṣé torí pé mo ti já sí kòtò yẹn rí ni kí n ṣe dákẹ́ nígbà tí mo rí yín tí ẹ ń sáré bọ̀ níbẹ̀? Ẹ ṣáà ti gbọ́. Ẹ má dá mi lóhùn.

Owó tí kì í ṣe tiyín, ẹ má fi wo ẹnikẹ́ni. Ẹ ra ìjókòó ẹ̀yìn. Ohùn òṣèré tó mọṣẹ́ á bá yín níbẹ̀. Ẹ pa fóònù. Bí wọ́n bá fẹ́ pa Adétutù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á tán ná. Ẹ kí onílù náà nígbà tí eré bá parí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wo eré, mi ò rí i kí ẹnìkan gbé fúrémù fún onílù.

Nígbà tí Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó jókòó sí Ìbàdàn níbí fòfin de òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú eré ló ba ìjọba lẹ́rù, kì í ṣe ojú Ògúndé. Bàbá mi ò mọ̀wé, ó lè ka ìlàjì eré náà fún ọ lórí. Ìwọ tó o jókòó níwájú, mo bi ọ́ ohun tí Ìyálóde sọ kí wọ́n tó mú Adétutù lọ, o ní o ò rántí.

Àti pé, oníwáyà ni ọ́! Iná tó ń tàn sójú Ìyálóde, ṣé o tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń tàn án? Ọkùnrin kan wà lókè lẹ́yìn wa, ó ń yí i, ó ń fi pupa sí i, ó ń dín in kù nígbà tí ikú ń bọ̀. Wáyà gbà á lẹ́sẹ̀ yíká. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Bí eré bá wà lọ́kàn rẹ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ló yẹ kó o lọ dọ̀bálẹ̀, kó o bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Yóò bi ọ́ lórúkọ.

Mo ti rí ọ̀gá. Ó pariwo títí ohùn fi há. Ó ní kó padà wá ní Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n oṣù 3 ti di 9. Mo san ₦20,000 nínú owó náà. Gbèsè ni o, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyókù, ìyá rẹ̀ ní òun ó lọ bá alájọ.

Ohun kan kù tí mi ò tíì sọ fún ìyá náà. Nígbà tí èrò túká lọ́jọ́ yẹn, tí mò ń wá ibi tí màá fọwọ́ tì, mo rí fúrémù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bóyá mọ́tò ò gbà á, bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀. Mo ní kí ọmọ tó ń wa Micra bá mi gbé e sí bùútù. Ó wà ní yàrá mi, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Wá mú un lálẹ́, kí àwọn ẹlẹ́yà wọ̀nyí má rí ọ. Gíláàsì rẹ̀ ti sán nígun kan, fọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé e.