Lẹ́tà sí William Smith, ọmọ alágbẹ̀dẹ abúlé Churchill ní England

Bàbá Smith,

Ẹ má bínú pé ọmọdé tí ẹ kò mọ̀ rí ló ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin lẹ ya máàpù tó fi bí àpáta ṣe tò sábẹ́ ilẹ̀ England hàn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè yín ló ń dùn mí.

Gbogbo ẹni tó bá ń ròyìn yín ló máa ń bínú sí George Bellas Greenough àtàwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London. Wọ́n dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní 1807, wọn ò pè yín sí i, wọ́n sì tún ṣe máàpù tiwọn tó dínwó ju tiyín lọ. Inú ń bí èmi náà sí wọn. Ṣùgbọ́n, sà, òkúta náà já yín kulẹ̀. Ẹ ra ilẹ̀ nítòsí Bath, ẹ yáwó lé e lórí, ẹ ní ẹ ó máa wa òkúta ìkọ́lé tà. Òkúta ọ̀hún kò dára! Ẹ̀yin tí ẹ lè wo ìkarahun kan ṣoṣo kí ẹ sọ ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àánú yín ló wá ṣe mí. Ní 1819, wọ́n tì yín mọ́ ẹ̀wọ̀n King's Bench nítorí gbèsè.

Ti agbègbè Somerset ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yín. Àwọn awakùsà ibẹ̀ ti mọ bí àpáta ṣe ń tò léra wọn nínú kòtò èédú, ẹ kò sì fojú di ohun tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbà yín ṣe awọnlẹ̀ ojú omi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ láti máa fi kó èédú, ẹ rí inú ilẹ̀ kedere. Amọ̀ ìpele méjì lè jọra débi pé ojú ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹran omi tó ti di òkúta nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ẹ fi dá wọn mọ̀ nìyẹn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín ṣá. Òun làwọn obìnrin tó ń ṣe bọ́tà lágbègbè yín fi ń wọn ọjà wọn.

Ẹjọ́ mìíràn tí mo ní sí yín ni pé ẹ kì í tètè kọ̀wé. Ní 1799, ní Bath, ẹ ka ìpele àpáta 23 lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rẹ́ yín, àlùfáà Benjamin Richardson, ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń dà á kọ kiri. 1815 ni máàpù yín tó jáde. Ó rẹwà o: ìsàlẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan ni ẹ ti jẹ́ kí àwọ̀ ki jù, kí ojú lè rí èyí tó gùn lé èkejì.

Àmì ẹ̀yẹ dé ní 1831 láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ yẹn kan náà, Adam Sedgwick, ààrẹ wọn, sì pè yín ní bàbá ìmọ̀ ilẹ̀ ní England. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tó wú mi lórí ni ti John Phillips, ọmọ àbúrò yín obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ̀yin fúnra yín jẹ́ nígbà tí bàbá yín kú, tí mọ̀lẹ́bí gbà yín tọ́. Nígbà tí òun náà di ọmọ òrukàn, ẹ mú un sọ́dọ̀, ẹ ń mú un rìn káàkiri lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1841, ó fi àwọn ẹran òkúta tí ẹ kọ́ ọ láti máa wò pín ìtàn ohun abẹ̀mí láyé sí sáà ńlá mẹ́ta. Ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, níbi tí ẹ̀yin kò ti kàwé rí.

Mo kí yín, sà.