Ìrìn-àjò Ẹgbẹ́ Wa sí Charleston

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìrìn-àjò Charleston, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ti fìdí múlẹ̀: Sátidé, 18 oṣù Kẹrin. Middleton Place la ó kọ́kọ́ yà sí, ọgbà òdòdó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1741. Ẹ máa rí adágún méjì tó tẹ́ bí ìyẹ́ labalábá. Ọwọ́ àwọn ẹrú ló gbẹ́ adágún náà. Àgùntàn wà níbẹ̀ fáwọn ọmọdé (kì í ṣe ti àsun o!). Lẹ́yìn náà, ó di Boone Hall, oko ńlá àtijọ́ kan, níbi tí ilé bíríkì mẹ́sàn-án tí wọ́n kó àwọn ẹrú sí ṣì wà lórí ìdúró.

Bọ́ọ̀sì á gbéra láago mẹ́fà àárọ̀ níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé wa. Kì í ṣe aago mẹ́fà ti Nàìjíríà. Kálukú gbé oúnjẹ rẹ̀ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yín àti iye ọmọ tí ẹ ń mú bọ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di ọjọ́ kẹwàá.