Lẹ́tà ni ojú ń kà, kì í ṣe ìrísí ọ̀rọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpilẹ̀kọ yín lórí ìwé kíkà dùn mọ́ mi, àfi ibi tí òǹkọ̀wé ti ní àgbà òǹkàwé kì í wo lẹ́tà mọ́, pé ìrísí ọ̀rọ̀ lódindi ló fi ń dá a mọ̀, nítorí náà kí olùkọ́ má fi a-b-d da ọmọ láàmú. Ẹ̀rí rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní wọ́n ṣèwádìí ní Yunifásítì Cambridge pé bí lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn bá ti wà láyè wọn, kò séwu bí ti àárín bá dà rú.

Láti 2003 làtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti ń rìn kiri. Matt Davis, tóun náà ń ṣèwádìí èdè ní Cambridge, ní òun ò mọ ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Keith Rayner àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dán an wò ní 2006, ńṣe ni ìwé kíkà ń falẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló dà rú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì lò o. Ẹ dán an wò lórí “ilé” tiwa: lẹ́tà kan péré ló wà láàárín, kí lẹ fẹ́ dà rú níbẹ̀?

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Ní 1969, Gerald Reicher fi irú ọ̀rọ̀ bíi WORD han àwọn èèyàn fìrí, ó bò ó, ó wá bi wọ́n bóyá D ni wọ́n rí nígbẹ̀yìn tàbí K. Wọ́n gbà á ju ìgbà tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo hàn wọ́n lọ, wọ́n sì tún gbà á ju ìgbà tó da lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà rú. Odindi ń ran ẹyọ lọ́wọ́, ìyẹn ò ní kí ẹyọ má wúlò. Denis Pelli àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2003 pé a kì í dá ọ̀rọ̀ mọ̀ àfi bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá hàn tó láti dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù.

Ẹ wo “ìWé ÌrÒyÌn”. Ìrísí rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ ṣì kà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ìpínrọ̀ yẹn ṣe kí olùkọ́ kan tó gbà á gbọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín