Ẹ yé finá sun oyin inú àjà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí oyin bá ti wọ àjà ilé tàbí ihò igi àgbàlá, bẹntiróòlù àti ìṣáná ni ọ̀pọ̀ ń sáré wá. Ó dùn wá púpọ̀, nítorí ó ṣeé kó láàyè sínú àpótí tí a fi ń sin oyin. Àwọn tó sì ń gbìyànjú àtikó o, àṣìṣe kékeré ló ń mú kí oyin náà ṣí lọ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Oyin ilẹ̀ wa kì í gba ìyọlẹ́nu. Ibi tí kò bá ti fara rọ, wọ́n á palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tó jẹ̀ lọ ti ń wọlé. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, torí oyin kì í rí àwọ̀ pupa. Èèpo àgbọn gbígbẹ ni kí ẹ fi ṣe èéfín, díẹ̀díẹ̀. Èéfín àpọ̀jù á lé ayaba, ìyá oyin tó ń yé ẹyin, wọ kọ̀rọ̀ tọ́wọ́ ò tó.

Afárá niṣẹ́ wà. Èyí tó lọ́mọ nínú nìkan ni kó wọ àpótí, torí ọmọ ló ń dá oyin dúró. Ìdérí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì gbẹ. Ti afárá oyin jíjẹ funfun. Ẹ gé orí afárá ọlọ́mọ náà kó gún, kí ẹ fi ìko fífẹ̀ so ó mọ́ igi orí àpótí, orí rẹ̀ sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òwú tín-ín-rín á là á bí ọ̀bẹ. Kí ìbú igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 32. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n á mọ afárá dábùú igi méjì. Tí oyin bá ti lẹ afárá náà mọ́ igi tán, àwọn fúnra wọn á jẹ ìko náà dànù. Ẹ má kó afárá oyin jíjẹ sí i rárá: á fọ́, á ṣàn, oyin á rì sínú rẹ̀, èèrà á sì dé.

Ayaba gùn nídìí ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi sínú àgò wáyà kékeré láàárín afárá ọlọ́mọ méjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ bu ibi tí oyin ti dì jọ jù sínú àpótí, kí ẹ wá wo ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìdí sókè tí wọ́n ń fẹ́ ìyẹ́, ayaba ti wọlé nìyẹn. Òórùn ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ń wọ́ padà sínú ihò, ó ṣì wà níbẹ̀. Bó bá sì kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹyin tuntun inú afárá á gbà yín: wọ́n á tọ́ ayaba mìíràn, ọjọ́ 16 láti ẹyin.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé àpótí lọ tó kìlómítà 5, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń jẹ̀ á padà sí ojúlé àtijọ́. Ẹ ki ẹsẹ̀ pẹpẹ rẹ̀ bọ agolo kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì nítorí èèrà. Ṣúgà kìló 1 nínú omi lítà 1 ni oúnjẹ wọn. Yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tú ayaba sílẹ̀ nínú àgò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má ṣí àpótí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ ha ìda tó kù nínú ihò náà dànù, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i pa. Òórùn ìda yẹn ló ń pe oyin mìíràn wá.

Àwa ọlọ́yin kan,
Ṣakí