Ẹ̀sùn lórí eré tí ẹ ṣe ní Ìkòròdú: owó mi dà, onígángan yín dà?

Ẹ̀yin mánéjà àti gbogbo yín tẹ́ ẹ̀ ń gbé eré ọ̀gá wa onífújì kalẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kì í ṣe àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé bándì yìí. Láti 1994 ni, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Sábó, kásẹ́ẹ̀tì yín mọ́kànlá ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí di bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà yìí, kò sì sí rédíò tá a máa fi gbọ́ ọ mọ́ nílé, ìyàwó mi ti ní kí n kó o dànù títí ó sú u. Torí náà ẹ má rò pé ọ̀tá ló ń kọ̀wé sí yín.

Aago méje alẹ́ lẹ kọ sórí pósítà. Èmi àti ìyàwó mi ti jókòó láago mẹ́fà ààbọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ₦5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aago mọ́kànlá ti lọ dáadáa kí ọ̀gá tó yọjú. Láti aago mẹ́jọ lẹmusíì yín ti ń sọ pé wọ́n ti dé Mile 12, Mile 12 wo lèèyàn ń tibẹ̀ bọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, àmọ́ ó dáa, mo mọ gósílóò ọ̀nà yẹn, mi ò ní torí ìyẹn bá yín jà.

Ohun tó dùn mí nìyí. Orin kejì ni alhaji kan gun sítéèjì, ó ń nọ́wó fún ọ̀gá, ọ̀gá sọ máìkì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó ń fi ọwọ́ kejì gba owó tó ń já bọ́, àfi bí ohùn ọ̀gá ò ṣe dákẹ́! Ohùn ń lọ geerege nínú sípíkà, ẹnu ọ̀gá wà ní pípadé, ó ń rẹ́rìn-ín sí alhaji. Ìyàwó mi fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ta ló wá ń kọrin báyìí?"

Fìláṣì ni, orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀! ₦10,000 ni mo fi wá gbọ́ fìláṣì.

Mo wá ń wo ẹ̀yìn ọ̀gá dáadáa. Ọmọdékùnrin kan wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, onísákárà méjì tí wọn ò gbé máìkì kankan sí níwájú, ibi tí onígángan máa ń dúró sí, páálí omi oníke lẹ gbé síbẹ̀. Ṣebí inú wéré tí wọ́n fi ń jí wa sí sààrì nígbà ààwẹ̀ ni fújì ti jáde, ìlù àti ọ̀fun ni, taa ló gbé kọ̀ǹpútà dání? Ẹ lọ gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù olóògbé Sikiru Ayinde Barrister, ẹ gbọ́ bí ìlù ṣe ń dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ jàre.

Ní 2001 ẹ wá ṣeré ìkómọ kan ní Ìta Ẹlẹ́wà. Onígángan yín wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ sétí mi, ó bi mí pé kí loríkì mi, mo ní Àkànní. Ó fún ìlù mọ́ abíyá, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo àga yí ojú sí mi, ó tún wá fi ìlù bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Owó ọkọ̀ ló kù lápò mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, mo fẹsẹ̀ rìn délé ní Ìgbógbó lóru, kò sì dùn mí rárá.

Ẹ dá ₦5,000 padà fún mi, ìdajì nìyẹn, mi ò ní kẹ́ ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà torí a ṣáà rí ọ̀gá fójú. Onígángan yẹn ńkọ́? Tó bá jẹ́ ara rẹ̀ ni ò yá, ẹ bá mi kí i. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ní kó máa lọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tó ti ń lù báyìí fún mi, ẹ̀yìn ẹ̀ lèmi àti ìyàwó mi máa tẹ̀ lé lọ.

Èmi ni,
Àkànní télọ̀, Ìgbógbó.