UConn wa tí kò ṣeku tí kò ṣẹyẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta, torí inú ń bí mi, bí mi ò bá sì sọ ọ́ ó máa gbé mi dùbúlẹ̀. Ọmọ mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. A jókòó sí pálọ̀, fóònù mi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wá ibi tí UConn, yunifásítì Connecticut wa, wà lórí tébùlù fútúbọ̀ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó wo ti American, ọ̀kan lára àwọn kọ́nfárẹ́ǹsì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó jọ ń gbá lígì kan, kò rí wa. Ó wo ti ACC, kọ́nfárẹ́ǹsì míì, kò rí wa. Ó ń fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀ títí tó fi kan ibi tí wọ́n kọ "Independents" sí, àwọn tí kò sí nínú kọ́nfárẹ́ǹsì kankan, orúkọ méjì péré ló sì wà níbẹ̀ ní síísìn 2025, yunifásítì Notre Dame àti àwa. Ó wojú mi, ó ní, "Dádì, ta la fẹ́ borí nínú lígì yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀ o, mo ní kó lọ wẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tó ń darí eré ìdárayá ló yẹ kí wọ́n dá ọmọ yẹn lóhùn, kì í ṣe èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ òru. Láti 2020 tí wọ́n ti mú fútúbọ̀ọ̀lù wa kúrò ní American ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé òmìnira dáa, pé ká fọkàn balẹ̀, pé kọ́nfárẹ́ǹsì ńlá máa wá pè wá. A ti fọkàn balẹ̀ títí ọkàn ti fẹ́ sùn lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Kóòṣì Jim Mora bá ẹgbẹ́ yìí nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, ó gbé wọn dé 9-4 ní 2024 (wọ́n borí mẹ́sàn-án, wọ́n pàdánù mẹ́rin), wọ́n na North Carolina 27-14 nínú Fenway Bowl, eré ìparí síísìn, ní 2025 wọ́n tún borí ìgbà mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ Duke àti Boston College wà lára àwọn tí wọ́n nà. Kí ni kóòṣì wá ṣe? Ó di ẹrù ẹ̀, ó gba Colorado State lọ. Àwọn kan lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ wa ní owó ni, mo ní ẹ ò mọ nǹkan kan, Colorado State ń wọ kọ́nfárẹ́ǹsì Pac-12 ní 2026, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní dúró síbi tí kò ti ní ife ẹ̀yẹ kankan tó lè fojú sí nígbà tẹ́lòmíì bá lájọ tó ń dá.

Torí àjọ ni kọ́nfárẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Wọ́n jọ fọwọ́ sí owó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jọ pín in, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa bá gbá láti September dé November. Ẹni tí kò dá àjọ kì í bèèrè ìgbà tó máa kó o. Àyè 12 ló wà nínú playoff, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè, 5 nínú ẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó gba kọ́nfárẹ́ǹsì wọn, àwa ò sì ní kọ́nfárẹ́ǹsì tá a fẹ́ gbà, ìyẹn ni pé àyè 5 ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó fọn fèrè àkọ́kọ́. Ní 2025, Tulane gba ife American, ó wọ playoff. American yìí kan náà la san mílíọ̀nù 17 dọ́là ká lè jáde níbẹ̀! Mílíọ̀nù 17. A sanwó ká lè kúrò lórí tébùlù.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ, wọ́n á ní torí básíkẹ́ẹ̀tì ni, pé Big East, kọ́nfárẹ́ǹsì tí básíkẹ́ẹ̀tì wa wà, ló yẹ wá. Mo gbà. Àwọn ọkùnrin gba ife orílẹ̀-èdè ní 2023 àti 2024, àwọn obìnrin gba tiwọn ní 2025, ta ló máa ráhùn? Ṣùgbọ́n Big East ò gbá fútúbọ̀ọ̀lù mọ́, ẹ ti kó ọmọ kan wọlé ẹ wá fi ìkejì sílẹ̀ ní gbàgede, ẹ tún ń sọ fún un pé òmìnira ló wà.

Òmìnira wo? Wọ́n ní a lè bá ẹni tó wù wá gbá. Ta ló ráyè wa? Tó bá ti di October, àwọn tó wà ní kọ́nfárẹ́ǹsì ti dojú kọ ara wọn, ẹni tó bá ṣẹ́ kù la máa ń ṣà. UMass, yunifásítì Massachusetts, tá a jọ ń rìn kiri nígbòkègbodò yẹn náà ti wọ kọ́nfárẹ́ǹsì MAC ní 2025. (Òótọ́ ni pé 0-12 ni wọ́n gbá lọ́dún yẹn, mi ò ní purọ́, kọ́nfárẹ́ǹsì kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti ń sunkún.)

Wọ́n tún fẹ́ràn láti máa fi BYU, yunifásítì ṣọ́ọ̀ṣì Mormon ní Utah, ṣàpẹẹrẹ, pé òun náà dá dúró láti 2011 kó tó wọ kọ́nfárẹ́ǹsì Big 12 ní 2023. Ọdún 12 nìyẹn o! Ní 2016 Big 12 wo òun àtàwa àtàwọn míì lójú, wọ́n ní àwọn ò gba ẹnikẹ́ni, ìgbà tí Texas àti Oklahoma sọ ní 2021 pé àwọn ń lọ ni ilẹ̀kùn tó ṣí. BYU sì ní pápá tó gba èèyàn tó lé ní 60,000 nínú ọgbà tirẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tẹ̀ lé e káàkiri ayé. Pápá tiwa wà ní East Hartford, ọmọ ilé ìwé máa wọ bọ́ọ̀sì láti Storrs, ibi tí yunifásítì wà, kó tó débẹ̀. Big 12 bá wa sọ̀rọ̀ ní 2024, ní September wọ́n dá a dúró. Wọn ò pè wá mọ́, àwa là ń gbé fóònù sétí.

Ti Notre Dame yàtọ̀. Ọmọ ọba ni, tẹlifíṣọ̀n NBC ti ń gbé eré ẹ̀ láti 1991, ACC ń bá a gbá bíi eré márùn-ún lọ́dún láìjẹ́ pé ó wọlé. Síbẹ̀ ní 2025 ó gbá 10-2, wọn ò mú un sí playoff. Tí ọmọ ọba bá sun ìta, kí ni ká ti wí nípa tiwa?

Èmi ní ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe, mo sì ti sọ ọ́ débi pé ìyàwó mi máa ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ tí mo bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sí American, fútúbọ̀ọ̀lù nìkan, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ ní Big East. Bí Navy, ilé ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi, ṣe ń ṣe láti 2015 nìyẹn. Army, ilé ìwé ológun tó wà ní West Point, náà dá dúró láti 2005, ó wọ American ní 2024, fútúbọ̀ọ̀lù nìkan, ọdún tó wọlé gan-an ló gba ife ẹ̀, ó na Tulane 35-14, ó tún lọ gba Independence Bowl, ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín, ó ní láti fi independent sílẹ̀ kó tó gba Independence. Ká fọwọ́ sí ọdún mẹ́rin, ká kọ ọ́ sínú ìwé pé tí Big 12 tàbí ACC bá pè wá, owó ìjáde ò ní pọ̀ bíi tàkọ́kọ́. West Point ò jìnnà sí Hartford, màá wa mọ́tò débẹ̀ màá padà lọ́jọ́ kan náà, Temple wà ní Philadelphia, Navy wà ní Annapolis. Àwọn èèyàn á máa lọ, ìjà àdúgbò á wà, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ á dọṣẹ. Ojú ń ti àwọn ọ̀gá láti padà síbi tí wọ́n ti fìbínú kúrò, ohun tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òmìnira kankan.

Àwọn nǹkan míì náà wà. Kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún bọ́ọ̀sì láti Storrs. Kí wọ́n yé gbé eré ilé sí ọjọ́ tí òtútù ń pa èèyàn.

Nígbà tí Folorunso Fatukasi, orúkọ Yorùbá tó ń dún dáadáa lẹ́nu akéde, wọ aṣọ UConn kó tó lọ sí Jets, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá a gbowó, ní 2018, wọ́n ń nà wá, àmọ́ a mọ ipò tá a wà, mo máa ń rí i kà lórí tébùlù. Ọmọ mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n ra fìlà Army fóun. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì,
Hartford, Connecticut.