Lẹ́tà sí Bàbá Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi

Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ń kọ́? Mo ti dé Japan láyọ̀.

Àwọn tí a jọ wá ń bá àwọn àgbọ̀nrín ìlú Nara ya fọ́tò. Èmi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ikaruga, níbi tí tẹ́ḿpìlì Hōryū-ji wà, torí mo ti gbọ́ pé inú ọgbà rẹ̀ ni àwọn ilé onígi tó pẹ́ jù lọ láyé wà. Ẹ̀yin ni mo ń rò títí mo fi jáde níbẹ̀.

Ọmọọba Shōtoku ló dá tẹ́ḿpìlì ẹ̀sìn Búdà yìí sílẹ̀ ní 607. Iná jó o ní 670, wọ́n tún un kọ́, èyí tí wọ́n tún kọ́ yẹn ló ṣì dúró títí dòní. Igi ni o, Bàbá mi! Igi tó ti lo nǹkan bí 1,300 ọdún lójú òjò àti yìnyín!

Ilé gogoro alájà márùn-ún kan wà níbẹ̀ tó ga ju mítà 30 lọ. Òpó ńlá kan gba àárín rẹ̀ kọjá dé òkè, àmọ́ òun kọ́ ló gbé àwọn òrùlé. Àjà kọ̀ọ̀kan jókòó lórí èkejì ni, tí ilẹ̀ bá mì, wọ́n á mì lọ mì bọ̀, wọn ò ní wó. Ilẹ̀ ibí sì máa ń mì gan-an.

Mo sún mọ́ òpó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ibi tó ti jẹrà, wọ́n ti gé e kúrò, wọ́n fi igi mìíràn dí i, èékánná kò lè wọ àárín méjèèjì. Ọwọ́ yín gan-an ni mo rí níbẹ̀.

Káfíńtà tẹ́ḿpìlì yìí kan wà, Tsunekazu Nishioka, tó kú ní 1995. Bàbá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ níṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì rán an lọ, kó lè mọ ilẹ̀ tó ń hu igi. Nínú iṣẹ́ wọn, igi tó bá hù ní apá gúúsù òkè, apá gúúsù ilé ni wọ́n máa ń lò ó sí. Orí mi wú nígbà tí mo kà á, torí ẹ̀yin náà kì í ra pákó láìbéèrè igbó tí wọ́n ti gé e.

Màmá ní ẹ fẹ́ ta irinṣẹ́ yín, pé àga ilẹ̀ òkèèrè làwọn èèyàn ń rà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má tíì tà á. Ẹ bá mi wá ọmọ kan tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, èmi ni màá máa san owó oúnjẹ rẹ̀. Mo ti ya fọ́tò gbogbo ibi tí igi ti wọnú igi. Tí mo bá dé, ẹ ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Èmi ni, ọmọ àbúrò yín.